Odò Kan, Bèbè Méjì: Àwọn Elérè Rọ́gbì Ìlú Krasnoyarsk

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ní Krasnoyarsk, lẹ́yìn ti ìwé ìrìnnà, ni pé: "Bèbè wo ni tìrẹ, ti ọ̀tún ni àbí ti òsì?" Ìyá àgbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ló bi mí. Èdè Rọ́ṣíà mi kò tíì tó nǹkan nígbà náà, mo sì rò pé ẹ̀gbẹ́ yàrá tí mo fẹ́ gbé ibùsùn mi sí ló ń bèèrè. Mo ní ti òsì, nítorí pé ibẹ̀ ni fèrèsé wà. Ojú rẹ̀ yí padà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Oṣù kan gbáko kọjá kí ó tó yé mi pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rọ́gbì ló ń bi mí, àti pé mo ti fi ẹnu ara mi sọ ara mi di alátakò ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Togo, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ibi tí ìlú náà wà hàn yín. Àárín gbùngbùn Sìbéríà ni, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́síkò yóò rin kìlómítà 4,098 kí ó tó sọ̀ níbẹ̀, bí ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ nínú igbó tí kò lópin. Nígbà tí aago bá lu mẹ́fà òwúrọ̀ ní Kétu, tí àwọn ìyá wa ń gbá àgbàlá, aago méjìlá ọ̀sán ló ń lù ní Krasnoyarsk. Ní àkókò náà gan-an ni wọ́n máa ń yin ìbọn àgbá kan lójoojúmọ́ lórí òkè Karaulnaya, ìyẹn Òkè Àwọn Olùṣọ́, nítòsí ilé àdúrà kékeré kan tí òrùlé rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ní ọdún 1628 ni àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà kọ́ odi onígi sí etí odò tó wà nísàlẹ̀ òkè yìí. Ilẹ̀ pupa tó dà gẹ̀rẹ̀ lọ sínú omi ló fún ibẹ̀ lórúkọ: Krasny Yar, bèbè pupa. Èmi tí mo dàgbà sí ìlú olódi, tí mo ń gba Àkábá Ìdèná kọjá ní kékeré, kò yà mí lẹ́nu pé ìlú tó ti inú odi jáde ṣì ń pín ọmọ aráyé sí "tiwa" àti "tiwọn".

Yenisei ni orúkọ odò náà. Ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí afárá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1961 láti so bèbè méjèèjì pọ̀ fi gùn ju kìlómítà 2 lọ. Bí ẹnì kan nínú yín bá ti rí owó bébà rúbù 10 rí, ó ti rí ìlú yìí: ilé àdúrà orí òkè àti afárá wà ní ojú kan, ògiri ńlá tí wọ́n fi sé odò láti pèsè iná mànàmáná sì wà ní ojú kejì. Ògiri náà ga ní mítà 124. Omi tó ń ti ìsàlẹ̀ adágún jáde lẹ́yìn rẹ̀ kì í tutù débi tí yóò fi dì, nítorí náà, nínú òtútù tí irun imú ènìyàn ń gan bí ìgbálẹ̀, Yenisei ń ṣàn láàárín ìlú láìdì. Oruku funfun a máa gòkè láti orí omi bí ẹni pé wọ́n ń gbé oúnjẹ ká iná nísàlẹ̀. Mo ti dúró lórí afárá náà ní òwúrọ̀ oṣù kìíní, tí n kò rí bèbè tí mo ti wá, tí n kò sì rí èyí tí mo ń lọ.

Ẹ má ṣe rò pé oruku odò nìkan ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń yọ alumíníọ́mù, tó wà lára àwọn tó tóbi jù lọ láyé, wà nílùú náà, èédú ni ọ̀pọ̀ ilé sì fi ń móoru. Ọjọ́ mìíràn ń bẹ tí afẹ́fẹ́ kò ní fẹ́ rárá, tí ìjọba yóò kéde pé kí àwọn ọmọdé dúró sílé. Àwọn ará ìlú ní orúkọ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: ojú ọ̀run dúdú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ elérè ní òun máa ń mọ̀ kí wọ́n tó kéde, nítorí pé bí òun bá ń sáré, adùn irin ni òun ń gbọ́ lórí ahọ́n.

Bèbè òsì ni ibùdókọ̀ ojú irin wà, pẹ̀lú àwọn ilé àtijọ́ onígi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí ojú fèrèsé wọn. Bèbè ọ̀tún jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1941, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ń sún mọ́ agbègbè Bryansk, wọ́n tú ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan palẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kó irin àti ènìyàn sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ wá sí bèbè ọ̀tún Yenisei. Níbẹ̀ ni wọ́n tún un tò. Nígbà tó yá, ó di ilé-iṣẹ́ tó ń rọ àwọn ẹ̀rọ agbẹ́rùsókè ńláńlá. Sibtyazhmash ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n gé kúrú tí wọ́n sì so pọ̀ ni: Sìbéríà, wíwúwo, ẹ̀rọ. Ọkọ ìyá àgbà yẹn ti fi ọgbọ̀n ọdún jó irin pọ̀ níbẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí ló ní ẹgbẹ́ rọ́gbì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, èyí tí à ń pè ní Enisei-STM lónìí. Orúkọ odò àti orúkọ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wọn ti wà ní bèbè òsì láti ọdún 1969: Krasny Yar, tó gba orúkọ odi àtijọ́. Ẹ kíyè sí ọdún náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ni rọ́gbì. Ìdíje Sófíẹ́ẹ̀tì ti wáyé ní ọdún 1936, ṣùgbọ́n ní ọdún 1949, nígbà tí ìjọba Stalin gbógun ti ohunkóhun tó bá jọ àṣà ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n pa eré náà tì. Ọdún 1966 ni ìdíje tó tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Krasnoyarsk kó ara wọn jọ, eré tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ni wọ́n gbé dání. Ní ọdún 1990 àti 1991, nígbà tí Ìṣọ̀kan Sófíẹ́ẹ̀tì ń tú ká, Krasny Yar ló gba ife. Lẹ́yìn náà ni bèbè ọ̀tún dìde: láti 2016 títí dé 2019, Enisei-STM kò jẹ́ kí ife orílẹ̀-èdè náà kúrò ní ọwọ́ wọn.

Fún ẹni tí kò wo rọ́gbì rí, mo ní láti sọ díẹ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ìbẹ́pẹ. Ènìyàn 15 ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 80 ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù dé ẹ̀yìn ìlà àwọn alátakò, tó sì fi í kan ilẹ̀, ti gba àmì márùn-ún, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní essai. Mêlée ni ìgbà tí ènìyàn mẹ́jọ mẹ́jọ bá kọ́ ejìká pọ̀, tí wọ́n tẹrí ba, tí ìhà méjèèjì sì ń ti ara wọn bí àgbò. Nínú òtútù Sìbéríà, oruku a máa rú ní ẹ̀yìn wọn bí ti odò. Òfin tó yà mí lẹ́nu jù ni pé elérè kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni kí ó jù ú sí. Ẹni tó ń sáré lọ bá àwọn alátakò ní láti gbàgbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn òun, bí kò tilẹ̀ rí i.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí eré yìí fi ta gbòǹgbò níbẹ̀. Ìlú ìjàkadì ni Krasnoyarsk. Ivan Yarygin, tó gba ẹ̀yẹ wúrà Òlíńpíìkì ní ọdún 1972 àti 1976, jẹ́ ẹni tí ìlú náà fi ń yangàn, gbọ̀ngàn eré tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà ní erékùṣù kan láàárín Yenisei, níbi tí kò jẹ́ ti bèbè ọ̀tún tàbí ti òsì. Àwọn ènìyàn tó fẹ́ràn kí ọkùnrin di ọkùnrin mú ni wọ́n. Mo rántí ìyá ìyá mi tó máa ń ròyìn ẹkẹ tí wọ́n ń jà nígbà èwe rẹ̀. Ì bá gbádùn ìlú náà, bí kò bá sí ti òtútù.

Ọjọ́ tí bèbè méjèèjì bá pàdé, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ojú ọjọ́. Bí ó bá jẹ́ ní pápá Krasny Yar ni, tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin, àwọn ará bèbè ọ̀tún yóò kún inú bọ́ọ̀sì, wọn yóò gba orí afárá kọjá tàwọn ti asíá wọn. Bí ó bá jẹ́ ní Avangard ni, àwọn ará bèbè òsì ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn arúgbó a fi aṣọ òtútù bo orókùn, wọ́n a gbé ìgò tíì gbígbóná dání, wọ́n a sì máa bú àwọn ọmọ tí wọ́n mọ láti kékeré ní orúkọ ìnagijẹ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, ìyá àgbà wa fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sí Avangard. Ó ti dárí jì mí. Ó ní, "Ọkọ mi kì í lọ wẹ̀ kí ó tó wá síbí. Láti ibi iṣẹ́ ló ń bọ̀ tààrà. Jókòó síbi tó máa ń jókòó sí." Mo jókòó. Àga irin ni, ó sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé n kò ní dìde mọ́.

Ẹnu ọ̀nà pápá yẹn ni mo ti mọ ọ̀rẹ́ mi tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà náà, ó wà láàárín àwọn èwe tí ẹgbẹ́ ń tọ́. Nígbà tó gbọ́ pé mo gbọ́ èdè Faransé, ó di mí lọ́wọ́ mú. Ó fẹ́ lọ gbá rọ́gbì ní Brive, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé tó ti gba ife Yúróòpù ní ọdún 1997. Ẹ wo ìdí rẹ̀: ní àkókò 2015 sí 2016, Enisei-STM di ẹgbẹ́ Rọ́ṣíà àkọ́kọ́ tó wọ ìdíje Challenge Cup ti Yúróòpù, Brive sì wà lára àwọn tí wọ́n pín wọn pọ̀ mọ́, pẹ̀lú Newcastle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Connacht ti Áyálándì. Ọmọkùnrin tó dàgbà sí abẹ́ èéfín ilé-iṣẹ́ rí i pé ọ̀nà kan wà láti Avangard dé ilẹ̀ Faransé. A fi owó oúnjẹ díẹ̀ ṣe àdéhùn, mo sì di olùkọ́ rẹ̀. Kò bìkítà fún àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tó ṣòro. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí wọ́n ń pariwo lórí pápá: à droite, à gauche, derrière, poussez. Mo bá a gbọ́ eré lórí rédíò Faransé kí èmi náà lè mọ̀ wọ́n, nítorí pé rọ́gbì kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi ní Àjàṣẹ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, àwọn ará Connacht wá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ pápá funfun fún yìnyín, àwọn ará Áyálándì sì dúró bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láti inú yàrá tútù ọlọ́jà ẹja. Wọ́n borí wa pẹ̀lú àmì 31 sí 14, ṣùgbọ́n Sìbéríà kò jẹ́ kí wọ́n lọ bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ òfúrufú tí yóò gbé wọn padà bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n sì fi ń wá ọ̀nà dé ilé wọn. Ìyá àgbà wa rẹ́rìn-ín dọ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó bínú sí àwọn àlejò náà. Ohun tó jọ mí lójú ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń gùn wọ́n lójú, tí wọ́n ń tọrọ kí wọ́n jọ ya àwòrán, tí wọ́n ń béèrè bóyá tíì dùn lẹ́nu wọn. Ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé kò lè tọ́ka sí lórí àwòrán ilẹ̀ rí i pé àwọn kan rìn jìnnà wá nítorí òun.

Ní ọdún 2017 ni ti bèbè òsì kàn. Krasny Yar wọ ìdíje kan náà, Stade Français ti ìlú Paris, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife náà ní oṣù karùn-ún, wá sí Krasnoyarsk, wọ́n sì nà wọ́n. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń tẹ̀lé rọ́gbì Faransé lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ óò mọ ohun tí mo ń wí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo rí ohun tí n kò rí rí: àwọn ará bèbè ọ̀tún ń hó fún ti òsì. Ìyá àgbà nìkan ni kò hó. Ó ní àwọn ará Paris ti rẹ̀ nítorí ìrìn àjò.

Mo parí ẹ̀kọ́ mi, mo sì padà sílé ní ọdún 2019. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú aago méjìlá ọ̀sán, mo jókòó sí Àjàṣẹ́ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, mo ń wo eré tó ṣí ìdíje ife àgbáyé ní Tokyo, Jàpáàn pẹ̀lú Rọ́ṣíà. Balógun Rọ́ṣíà ni Vasily Artemyev, ọmọ Krasny Yar, ẹni tó ti lọ sí ilé ìwé ní Dublin tó sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún Northampton. Yuri Kushnarev, ògbólógbòó Enisei-STM, tó ti wọ aṣọ orílẹ̀-èdè náà ju ìgbà 100 lọ, ló ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Bèbè méjèèjì wọ aṣọ kan. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Kirill Golosnitsky fi gba essai àkọ́kọ́ nínú gbogbo ìdíje náà, tí mo sì fò sókè tí àwọn ará ilé fi bi mí pé kí ló dé. Jàpáàn ló borí nígbẹ̀yìn, 30 sí 10. Rọ́ṣíà kò borí nínú ọ̀kankan nínú eré mẹ́rin tí wọ́n ṣe. Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kọ̀wé sí mi ní èdè Faransé, pẹ̀lú àṣìṣe mẹ́ta nínú gbólóhùn kan, pé òun ni yóò wà níbẹ̀ ní 2023, ní ilẹ̀ Faransé, àti pé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ọkọ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba Rọ́ṣíà kó ogun wọ Yukréìn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, àjọ World Rugby yọ Rọ́ṣíà àti Bẹ̀lárúùsì kúrò nínú gbogbo rọ́gbì àgbáyé, títí kan ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó bá ré kọjá ibodè. Ilẹ̀kùn tí odò rọ́gbì gbà wọ Yúróòpù tì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́: èmi kò rí àṣìṣe nínú ìpinnu náà. Nígbà tí ilé ń wó lu àwọn ènìyàn lórí ní Mariupol àti ní Kharkiv, kò bójú mu kí wọ́n máa kọ orin Rọ́ṣíà lórí pápá bí ẹni pé kò sí nǹkan. Àwọn elérè Yukréìn náà ní ìyá, wọ́n ní ilé. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọkùnrin kan tó jókòó ti tábìlì mi ní ọdún mẹ́ta, tó ń kọ derrière sínú ìwé pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí pápá tí ìka rẹ̀ méjì kò sì tọ́ mọ́. Ìpinnu náà tọ̀nà, ó sì gba ohun tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ wá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. N kò lè fi ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bo èkejì mọ́lẹ̀, mo sì ti gbìyànjú rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, nígbà tí ìjọba pe àwọn ọkùnrin sí ogun, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò dá mi lóhùn. Nígbà tí ohùn rẹ̀ dé, ó ní yìnyín tètè bọ́ lọ́dún yìí. Mo bi í léèrè ohun tó rò nípa ogun náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òtútù náà pọ̀. Mo mọ̀ pé fóònù ní etí. Mo sì mọ̀ pé ó lè jẹ́ pé kì í ṣe fóònù nìkan ló ń bẹ̀rù. N kò bi í mọ́. Ó lè jẹ́ àìdára ọ̀rẹ́ ni mo ṣe yẹn, ó lè jẹ́ pé òun ló dára jù. Títí di òní, a kò tíì sọ ọ́.

Ìdíje inú ilé kò dúró. Bèbè ọ̀tún àti bèbè òsì ṣì ń pàdé, bọ́ọ̀sì ṣì ń gba orí afárá kọjá. Ìyá àgbà wa kò lọ mọ́, nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n bá òun kí ọmọ Áfíríkà tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Ọ̀rẹ́ mi ti fi eré ṣíṣe sílẹ̀. Àwọn ọmọdé ló ń kọ́ báyìí, àwọn tí kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ní oṣù kejì tó kọjá, ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Pápá kún fún yìnyín, àwọn ọmọ náà wọ aṣọ òtútù tó gbé wọn wú bí ìrọ̀rí, bọ́ọ̀lù sì ń yọ́ bọ́ ní ọwọ́ wọn. Ọmọbìnrin kan mú un, ó sáré, wọ́n sì ká a mọ́. Ó ń wo iwájú, ó fẹ́ jù ú síbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn fóònù, ó ń pariwo, "Derrière! Derrière!" Àwọn ọmọ náà dúró, wọ́n yíjú sí i, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́.